Ojú-Ìwé Mẹ́rìndínlógún

Nígbà tí dókítà ojú ní kí Èkúté wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Èkúté ní òun á wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ wo àtẹ̀gùn kan ná.

Dókítà yíjú sí ẹ̀gbọ́n Èkúté ọkùnrin tó jókòó ti ògiri, bí ẹni tó ń sọ pé ìwọ tó o jẹ́ àgbà, sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wo bàtà ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò díjú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ènìyàn, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Ti Èkúté ti ń ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, bí èèpo ìwé tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ. Ojú òsì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, wọ́n tú báńdéèjì, òkùnkùn ni wọ́n bá níbẹ̀. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù. Dókítà ní bí àwọn bá tètè mú un, ó lè bọ́ sí i, ó sì lè má bọ́ sí i. Bí àwọn bá fi falẹ̀, kò tún sí “ó lè” kankan mọ́. Kó má gbé ẹrù o, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má gun òkè.

“Ẹ ti sọ ‘ó lè’ fún mi lẹ́ẹ̀kan rí, dókítà,” ni Èkúté wí. “Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kù wo nǹkan kan kí ẹ tó gbà á.”

Èkúté kọ́ ni orúkọ tí òbí sọ ọmọbìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi pè é láti kékeré, nítorí ibi tí bébà bá wà lẹ ti máa rí i, ní kọ̀rọ̀, tó ká jọ síbẹ̀ bí èkúté. Iṣẹ́ tó wá dàgbà ṣe náà kò jìnnà sí bébà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà, ó ń pín lẹ́tà sínú àwọn àpótí pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpótí tirẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ń ju lẹ́tà sí gbogbo ayé, òun alára kò sì ré kọjá ibi tí bọ́ọ̀sì ìgboro ti ń ṣẹ́rí padà.

Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀, aránwèé ni ní ilé ìtẹ̀wé. Bí ẹ̀rọ bá tẹ bébà ńlá kan tán, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, á di ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún. Ìṣẹ́po kan nìyẹn. Wọ́n á to ìṣẹ́po tẹ̀lé ìṣẹ́po, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn pọ̀, wọ́n á lẹ èèpo mọ́ ọn, ó di ìwé. Àṣà kan sì wà láàárín àwọn aránwèé tí ọ̀gá máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bébà tí yíǹkì rẹ̀ bá wọ́, tàbí tí etí rẹ̀ bá ya, tó yẹ kí wọ́n kó dànù, wọ́n máa ń ṣà á pamọ́ fún ara wọn, ìṣẹ́po kan lónìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ìwé kan á fi pé. Kò sí ilé aránwèé tí kò ní ìwé nínú, kò sì sí ìwé ibẹ̀ tí kò lábùkù.

Ọdún tí Èkúté pé mọ́kànlá, ó ṣubú, itan rẹ̀ dá, oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ìwé kan jọ fún un. Ìtàn obìnrin kan ni, tó ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe ní ìlú kan lórí òkè. Ìlú gidi ni, lẹ́tà ń lọ síbẹ̀. Ìṣẹ́po mẹ́tàlá ló yẹ kó jẹ́. Ó rí méjìlá. Ìkẹsàn-án kọ̀, kò wá. Ó dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń sunkún nílé. Ló bá yà sídìí òkìtì bébà mìíràn, ìwé mìíràn pátápátá, tí ìbú rẹ̀ àti ìrísí lẹ́tà rẹ̀ bá ti tọ̀hún mu, ó yọ ìkẹsàn-án ìyẹn, ó rán an sí àárín. Àní nọ́ńbà ojú-ìwé pàápàá bára mu. Nínú ìṣẹ́po náà, obìnrin kan ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n fi abẹ ha orúkọ náà kúrò lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní bí ọmọ bá dàgbà, òun á sọ fún un, àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín.

Nínú gbogbo ìwé náà, ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún yẹn gan-an ni Èkúté yàn láàyò. Àtẹ̀gùn ọ̀hún ní igba ìpele ó lé mẹ́fà, ó gba àárín ògiri méjì kọjá, ìdílé tí èèyàn bá sì kú nínú rẹ̀ a ya ẹyẹ kan sára ògiri, ní àwọ̀ tó wu olóògbé jù. Obìnrin náà ń sọ̀kalẹ̀, ó ń wá ẹyẹ ìyá rẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ẹyẹ, pupa, àyìnrín, àwọ̀ ọsàn, kò rí i, ojú-ìwé sì tán. Bí ẹ bá ṣí èyí tó kàn, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń yún kọ́kọ́rọ́, kò sì mẹ́nu kan ẹyẹ mọ́ títí ìwé fi parí.

Ẹlòmíràn á ní ìwé yìí kò lórí kò nídìí. Èkúté kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ di àlọ́ ó sì ń já a. Ó ní ìwé kékeré kan tó kọ àwọn ìdáhùn sí: ìdí tí obìnrin náà kò fi dárúkọ ẹyẹ mọ́, ìdí tí wọ́n fi ha bébà níbi mẹ́ta. Ìkẹyìn ìdáhùn rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé náà ń ṣọ̀fọ̀ ìyá tirẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. “Bọ̀ọ̀dá, ẹni yìí gbọ́n o,” ló máa ń wí. Ẹ̀gbọ́n á dìde lọ bomi mu. Nígbà tí wọ́n bi Èkúté ní ilé ìfìwéránṣẹ́ pé ṣé lẹ́tà kankan ti wá fún àtẹ̀gùn inú ìwé rẹ̀ yìí rí, ó fèsì pé ta ló ń kọ lẹ́tà sí ẹyẹ àwọn òkú.

Báyìí ni ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe kọjá lórí irọ́ tí òwú rán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ẹ̀gbọ́n jáde, ó gba ọ̀dọ̀ Baba Atòwé lọ. Ogójì ọdún ni Baba fi to ìṣẹ́po ní ilé ìtẹ̀wé kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìwé tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tó gbàgbé. Èrò ẹ̀gbọ́n ni pé ìwé kejì náà yóò ní ìlú tirẹ̀, pé bí àtẹ̀gùn kò bá sí ní ìlú ti ìwé àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ wà lọ́hùn-ún, òun á kàn sọ fún ọmọbìnrin náà pé kí àwọn yí ọ̀nà padà. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ tán, ni Baba bá mirí.

Baba ní olùkọ́ kan ló kọ ìwé kejì náà, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó máa ń wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́. Ó kú kí wọ́n tó rán ìwé náà tán. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ ẹ, ilé ìtẹ̀wé sì lọ gbogbo rẹ̀ di páálí. Kò sí ẹ̀dà kan tó jáde. Ẹ̀gbọ́n bi í pé àtẹ̀gùn náà ńkọ́, níbo ló wà?

“Mo bi í,” ni Baba dáhùn. “Ó fi ìka kan orí ara rẹ̀. Kò dé ibì kankan rí láyé rẹ̀, ọmọ mi.”

Ẹ̀gbọ́n dìde láti máa lọ. Ó wá yé e pé ibi kan ṣoṣo tí àtẹ̀gùn yẹn kù sí láyé ni àárín ìwé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí àbúrò òun.

“Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a,” ni Baba wí bó ṣe ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. “Tìrẹ ti pé mẹ́tàdínlógún. Má jẹ́ kó pé ogún. Sọ fún un lónìí, kó lè lọ fi ojú rẹ̀ lé dókítà lọ́wọ́.”

Ó délé, ó bá Èkúté tó ti di ẹrù. Ó ń kọrin. Láti ìgbà tí ojú òsì ti lọ, kò tíì kọrin nínú ilé náà. Ó ní òun ti sọ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ pé òun ń lọ sí ìlú tí àpótí rẹ̀ wà ní ìlà kẹrin lókè, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́.  Ẹ̀gbọ́n ní nínú ara rẹ̀ pé inú ọkọ̀ lòun á ti sọ òtítọ́. Nínú ọkọ̀, ó ní bí àwọn bá dé ni. Ẹni tó bá ń sún ọ̀rọ̀ síwájú kì í mọ ìgbà tó máa kan ògiri.

Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin fi gbé wọn dé. Ìlú náà sì wà bí ìwé ṣe sọ, èyí ló burú jù. Òkè ni, ilé olókùúta ni, afárá wà níbẹ̀, agogo tó máa ń fi ìṣẹ́jú méje pẹ́ wà níbẹ̀. Èkúté ń yí orí sọ́tùn-ún sósì láti kó gbogbo rẹ̀ sínú ojú kan. Ó rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe, ó dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó dúró síwájú ilé ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àtẹ̀gùn.

Obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní òun ti lo ogójì ọdún níbẹ̀, òun kò gbọ́ ọ rí. Ọlọ́pàá kan ní ẹyẹ tí òun mọ̀ níbí, orí òrùlé ni wọ́n wà, wọn kì í sì í dúró kí wọ́n yà wọ́n. Èkúté bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn àtẹ̀gùn wà lóòótọ́, ìlú olókè ni, ó sì gun gbogbo wọn, ó ń ka ìpele wọn: mọ́kànlélógójì, ọgọ́rin, àádóje. Ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí ohun tí dókítà sọ. Èkúté ní kó dúró ná, ó ku apá ìsàlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó jókòó lórí ògiri kúkúrú kan, kò sì dìde mọ́. Ó ní nǹkan dúdú kan ti ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè ojú òun láti àná, bí aṣọ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn máa lọ sílé kíá. Èkúté kò tilẹ̀ gbọ́ ọ.

“Bọ̀ọ̀dá, a ti kọjá níbẹ̀, àbí?” ló wí. “Ojú mi ni kò rí i. Ẹ̀yin rí i. Ẹ ò kàn fẹ́ sọ fún mi pé mi ò ríran mọ́.”

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n tó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, òkìtì bébà, abẹ, olùkọ́ tó fi ìka kan orí, kò yọ nǹkan kan kúrò. Èkúté gbọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣírò.

“Ìkẹsàn-án?”

“Ìkẹsàn-án.”

“Ibi mẹ́ta tí wọ́n ha.”

“Èmi ni.”

“Nígbà tí dókítà ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ jókòó níbẹ̀.”

“Mo jókòó níbẹ̀.”

Agogo lù, ó ti fi ìṣẹ́jú méje pẹ́. “Èkúté ilé ní ẹni tó pa òun kò dun òun tó ẹni tó gbé òun ṣánlẹ̀,” ló wí. “Ẹni tó ṣa ìwé jọ fún mi nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mi ò bá a jà. Èyí tó jókòó sí yàrá dókítà, tó ń wo bàtà rẹ̀...”  Nígbà tí ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ wá ògiri, ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì ń tọ ògiri náà lọ.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, Èkúté kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó kọjú síta, ẹ̀gbọ́n sì ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ní ibùdókọ̀ kan, eruku bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wá, ó fa ìbòjú onírin gbogbo fèrèsé apá ọ̀dọ̀ wọn wálẹ̀, ó kọjá lọ. Ariwo irin ń dún níbi gbogbo nínú ọkọ̀ náà, èyí kò sì yàtọ̀ sí òmíràn. Èkúté kò mira. Ó ṣì kọjú sí fèrèsé, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń kọjá lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ilẹ̀ ibí tẹ́jú, kò jọ ti ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n wo irin tó wà níwájú rẹ̀. Ó rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ti là fún un.

“Èkúté,” ló wí, “wọ́n ti pa fèrèsé dé.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó tó wákàtí kan.”

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka kan irin náà, ó tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí i, ó bi í bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Ó ní kó má parọ́ fún òun.

Oòrùn ń gba fèrèsé òdìkejì wọlé, ó tàn sí ojú rẹ̀ àti sí orí itan rẹ̀.

“Kò tíì ṣú,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. “Ọ̀sán gangan ni.”