Ihò Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọba

Ohun kan ṣoṣo ni Sak Muan ń fẹ́ láyé: kí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta. Kuy bàbá rẹ̀ gbẹ́ òkúta títí ó fi kú, àmọ́ àwọn ọba ayé ọjọ́un kì í jẹ́ kí ẹni tó gbẹ́ ẹ kọ orúkọ tirẹ̀ sí i. Ọba Yash Tunil nìkan ló gbà. Ó ní bí òkúta tí Sak Muan ń gbẹ́ àwòrán òun sí bá ti jáde láìlábùkù, kí ó kọ orúkọ sí ìdí rẹ̀.

Wọ́n ti gbé òkúta náà nàró ní gbàgede. Ogún ọdún ogún ọdún ni wọ́n ń ka ìgbà nílùú wọn; ọ̀la ni ọ̀kan yóò pé, tí ọba yóò fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ rúbọ níwájú òkúta náà. Ó ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba kan péré láti gbẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni Sak Muan ti kan kókó líle nínú òkúta. Òkúta ìlú wọn kún fún irú rẹ̀. Bó bá bọ́ sí apá aṣọ, wọn a fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi kókó sílẹ̀ lójú ọba? Ó rọra lù ú. Kókó já bọ́, ó sì mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba dání.

Balun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

“Yéè! O ti gbá ọba létí!”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Balun. Mo gbé.”

“Jẹ́ ká fi ẹfun dí i. Ta ló máa mọ̀?”

“Òjò á mọ̀.”

Sak Muan lọ pe ọba fúnra rẹ̀. Ọba dé, ó ki ìka bọ ihò náà. Balun ti ń fẹ̀yìn rìn.

“Ogun mélòó ni mo jà, Sak Muan?”

“Wọ́n pọ̀, Kábíyèsí.”

“Kò sẹ́ni tó rí mi gbá lẹ́rẹ̀kẹ́, àfi ìwọ!” Ọba bú sẹ́rìn-ín. “Ibẹ̀ ni màá máa fi tùràrí sí. Orúkọ rẹ dà?”

“Òkúta ti lábùkù, Kábíyèsí.”

“Èmi ńkọ́, ṣé n ò lábùkù ni? Kọ ọ́. Bí ọmọ ọmọ mi bá béèrè ẹni tó lu ihò síbẹ̀, kí wọ́n rí ẹni tọ́ka sí.”

Omijé bọ́ lójú Sak Muan. “Ẹ ṣé o, Kábíyèsí. Ẹ ṣé, ẹ ṣé.” Ọba ti lọ tán, ó ṣì ń dúpẹ́.

Ó gbẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì fi “ọmọ Kuy” kún un.

“Ṣé o fẹ́ kí bàbá rẹ tó ti kú náà jẹ̀bi ni?” ni Balun wí.

“Tayọ̀tayọ̀ ni yóò fi jẹ̀bi.”