Ojú Ara Ògiri

"Mùstàfá, jọ̀ọ́, sáré! Ṣé bí ẹni tó ru ẹyin ni wàá ṣe gbé mi dé Ìgbó-Ọrà ni?"

"Ìyá Peculiar, ẹ fara balẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ń rí kòtò ojú ọ̀nà yìí? Mi ò lè torí pé ẹ̀ ń kánjú kí n gbé yín jù sígbó."

Keturah, ìyá Peculiar, di ìjókòó ọ̀kadà mú gírígírí. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èrúwà. Bó ṣe ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, aago méje géérégé, ni fóònù rẹ̀ ké. Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbàdúrà pé kí òun má rí ló rí níbẹ̀: "Bàbá kò tíì kọjá láàárọ̀ yìí." Ó pe bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe Hàlímọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá, Hàlímọ̀ ní òun ti wà lọ́jà Lanlate láti ìdájí. Kí ló tún kù? Ó sáré bọ́ sí títì, ó dá Mùstàfá ọlọ́kadà dúró.

Ẹ jẹ́ n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú Bàbá Obadiah, bàbá Keturah tó ń dá gbé, ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ àkùkọ kì í kọ kó tó jí. Lójò èṣí, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì fi ìbàdí lélẹ̀ gbì. Obadiah, àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé Ìbàdàn, ní kí Bàbá palẹ̀ ẹrù mọ́, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bàbá ní òkú òun ni wọ́n máa gbé kúrò nílé òun. Keturah ló bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ jẹ́ n gbìyànjú nǹkan kan ná. Bí wọ́n bá tún ṣubú, ẹ máa gbé wọn lọ."

Ló bá ra àwọn gílóòbù tó ń gbàṣẹ, tòun ti ojú kékeré funfun tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tó máa ń mọ̀ bí èèyàn bá kọjá. Sólà orí òrùlé ló ń fún wọn níná. Ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó ń kọ́ wọn lófin: bí ilẹ̀ bá ṣú, tí èèyàn bá sì kọjá, tan iná, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá lọ tí o ò rí ẹnikẹ́ni, pa á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbàgbé láti fi ti ilẹ̀ ṣíṣú sí i, iná wá ń tàn lọ́sàn-án gangan fún ewúrẹ́! Ó tún un ṣe, ó wá fi òfin kẹta kún un: bí Bàbá bá kọjá láàárọ̀, sọ fún Keturah, bí aago méje bá lù tí wọn ò tíì kọjá, ké sí i. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni "Bàbá ti jí" fi ń wọlé sórí fóònù rẹ̀ láràárọ̀, tí òun náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Wọ́n dé Ìgbó-Ọrà. Ọ̀kadà ò tíì dúró tán tí Keturah ti bẹ́ sílẹ̀. "Bàbá! Bàbá o!" Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Lára ògiri, níbi tó yẹ kí ojú funfun yẹn wà, fìlà abetí-ajá Bàbá ló rí níbẹ̀.

Ó já sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá rèé lórí àpótí, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Keturah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ti kú! Ṣé ẹ ò gbọ́ fóònù ni?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ ò wá gbé e?"

"Aago méje ti kọjá kí o tó pè. Ṣé o fẹ́ kí mi káàárọ̀ ni, àbí o fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti kú?"



Mùstàfá pariwo láti ìta: "Ìyá Peculiar, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni o! Ẹ̀kọ ni wọ́n ń mu!"

"Àlùhámúdùlílàhì!"

Keturah nu ojú. "Bàbá, ta ló fi fìlà bo ara ògiri?"

"Èmi ni, lálẹ́ àná. Ṣebí ìwọ lo sọ pé bó bá ti rí mi, ìwọ náà ti mọ̀ pé mo jí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń rí mi láràárọ̀, kò kí mi. Ìwọ tó rán an níṣẹ́ náà ò kí mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, aago mẹ́fà kì í lù kí n má gbóhùn rẹ, àfi ìgbà tí ojú ara ògiri yìí dé. Níbo ni wọ́n ti ń rí àgbà láàárọ̀, tí wọ́n á sì kọjá lára rẹ̀ láìkí i? Mo ní kó dé fìlà, kó yé wò mí."

Keturah rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Ara rẹ̀ tù ú pẹ̀sẹ̀, ojú sì tì í. Òótọ́ ni. Ó ti gbé ìkíni rẹ̀ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n inú òkùnkùn lẹ wá rìn láàárọ̀ yìí, Bàbá."

Bàbá wo inú ife ẹ̀kọ. "Àtẹ̀gùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbé mi ṣubú. Ògiri ni mo dì mú. Má sọ fún Obadiah o."

"Bí ẹ bá lè ṣí fìlà lára ògiri, mi ò ní sọ."

Ó wá kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ eléruku. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ò jíire?"

Bàbá dáhùn, àmọ́ kò fi oríkì kún un. Ó ṣì ń bínú díẹ̀.

Kí Keturah tó gun ọ̀kadà padà, ó fa fóònù yọ, ó pa "sọ fún Keturah" rẹ́. Ó kọ òmíràn: bí Bàbá bá kọjá láàárọ̀, máa ké títí Keturah á fi pè wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ igbe. Keturah mọ̀ pé iná ti tàn lọ́dẹ̀dẹ̀ Ìgbó-Ọrà. Ó pè. Fóònù ò dún lẹ́ẹ̀mejì tí Bàbá fi gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ò jíire?"

"Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Peculiar ńkọ́?"

"Dáadáa ni, sà." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Bàbá, fìlà ńkọ́?"

"Orí mi ló wà."