Ìṣákọ́lẹ̀ Ọdún Yìí

"Iṣu ta nìyí?" ni Màmá Susannah bi wọ́n. Ojú màmá kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ti nawọ́ sí àwọn iṣu gìrìwò tí Rùfáì tò sílẹ̀ ní pálọ̀ màmá ní Àpòmù, ó ń fi èékánná ha erùpẹ̀ ara wọn.

"Iṣu oko ni, Màmá," ni Rùfáì dáhùn. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Sàlámọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kàn tẹjú mọ́lẹ̀ ni.

Ọwọ́ ìdílé màmá ni bàbá àgbà Rùfáì ti tọrọ ilẹ̀ abà wọn lẹ́bàá Wásinmi. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé iṣu wá san ìṣákọ́lẹ̀, kí onílẹ̀ lè mọ̀ pé wọn ò gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò kọ̀, kò rọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún kọ̀. Àwọn ará abà ti kó lọ sí ẹ̀gàn Oǹdó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ilé Rùfáì nìkan. Alàgbà Olúgbémi, ọmọ màmá tó jókòó tì í, tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí, sì ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tí ilẹ̀ ṣì ń bọ́, kó gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, ẹni tí kò bá rí i gbé wá, kó yàgò fún àwọn tó fẹ́ gbin igi gẹdú.

"Rùfáì, mo ti kọ ebè lórí ilẹ̀ yẹn kó o tó dáyé," ni màmá wí. "Amọ̀ ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ iṣu lára. Yanrìn lèyí. Níbo lo ti rà á?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Rùfáì kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọjà Ìkirè ni, Màmá. Ẹ má bínú. Èyí tí mo wa lóko ò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ojú ló tì mí."

"Ojú tì ọ́? Ṣé ebi ló ń pa wá ni? Kódà kó ṣe bí àtàǹpàkò, bó bá ṣáà ti jẹ́ ti ilẹ̀ yẹn, a ó gbà á." Màmá ti àwọn iṣu náà sẹ́yìn. "Bàbá rẹ gbé irú ẹ̀ wá rí. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Sàlámọ̀tù ṣe sọ nílé. Ó ti kó àwọn kéékèèké náà sínú agbọ̀n, Rùfáì ló pariwo mọ́ ọn pé ṣé ó fẹ́ sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́ ní Àpòmù ni, kó lọ sè wọ́n fún àwọn ọmọ.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà lọ wa òmíràn lóko," ni Rùfáì bẹ̀ ẹ́.

Alàgbà Olúgbémi mi orí. "Ẹyin lọ̀rọ̀, Rùfáì. Ẹni tó fi iṣu ọjà san ìṣákọ́lẹ̀ ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ilẹ̀ ò bọ́ òun mọ́. Ẹ palẹ̀ mọ́ kí oṣù yìí tó parí."

"Olúgbémi!" ni màmá ké.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó sì dìde.

Nígbà tí tọkọtaya náà dé etí títì, Rùfáì ń retí kí ìyàwó òun bú òun. Èébú ì bá tù ú lára. Sàlámọ̀tù kò bú u.

"Bàbá Khalid," ló wí nígbà tó yá, "ta ni yóò sọ fún Ìyá?"

Ìyá tó bí Rùfáì ló ń wí. Abà yẹn ni wọ́n gbé ìyá náà níyàwó wá, ibẹ̀ ló sin ọkọ rẹ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ọkọ náà ni yóò jókòó sí báyìí, tí yóò máa ka tẹ̀sùbáà, tí yóò máa retí wọn.

"Èmi ni," ni Rùfáì wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́."

Mọ́tò Wásinmi kan dúró níwájú wọn. Sàlámọ̀tù gbé ẹsẹ̀ láti wọ mọ́tò náà, ọkọ rẹ̀ dì í lápá mú.

"Jẹ́ kí èyí máa lọ," ló wí. "Jẹ́ kí Ìyá ṣì ní ilé tirẹ̀ fúngbà díẹ̀ sí i."