Kọfí Oko Ìyá Àgbà

Bó bá ṣe pé ayọ̀ ń pani ni, orí àpáta Ìkìrun ni Iyìolúwa ì bá kú sí láàárọ̀ Sátidé náà. Omi ti hó lórí sítóòfù kékeré tó gbé nínú báàgì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kó má baà jó kọfí, ó wá ń dà á sórí lẹ́búlẹ́bú inú aṣọ àsẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lómi. Òórùn rẹ̀ gba inú ọyẹ́ kan. Ó tọ́ ọ wò, ó sì pariwo.

"Ayọ̀díjí! Ó dùn! Mo ní ó dùn, wá tọ́ ọ wò!"

Ayọ̀díjí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì jọ máa ń fẹsẹ̀ rìnrìn àjò nígbà ìsinmi. Ó gba ife náà, ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀. "Àní èmi tí mi ò fẹ́ràn ohun kíkorò," ó ní, "mo gbà fún ọ."

Ayọ̀ náà nídìí. Inú oko ìyá bàbá rẹ̀ l'Ókukù ni kọfí yìí ti wá. Bàbá àgbà tó ti di olóògbé ló gbin igi náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ká a, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá kó o. Kò sẹ́ni tó mu ún rí nínú ilé, àti ìyá àgbà fúnra wọn. Àwọn tó ń rà á ò wá mọ́ báyìí, Bọ̀dá Adéjàre, àbúrò bàbá rẹ̀, sì fẹ́ gé gbogbo igi náà kó fi kajú rọ́pò. Ìyá àgbà, tí wọ́n ti ń sọ láti Kérésì pé àwọn ò ní rí òmíì mọ́, ò bá a jà. Wọ́n kàn ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí kò bá dùn lẹ́nu mi, kí ẹ gé e."

Iyìolúwa ló ní òun lòún máa sè é. Ó ti jó èyí tó pọ̀ nínú kóró náà mọ́ agbada kó tó mọ̀ ọ́n yan. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n mu lórí àpáta, èyí tó kù ò ju ohun tí wọ́n á sè lẹ́ẹ̀kan lọ.

Wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó di ọ̀nà Inísà lọ s'Ókukù. Wọ́n lè wọkọ̀ o, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sójú kan pẹ̀lú irú inú dídùn bẹ́ẹ̀? Ó ń kọrin, ó ń juwọ́ sáwọn ọlọ́kadà, ó ń kí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Ìgbà tí wọ́n dúró mumi ní Inísà ló tú báàgì wò. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kékeré tó fi ń lọ kọfí ò sí níbẹ̀. Orí àpáta ló gbàgbé rẹ̀ sí níbi tó ti ń pariwo.

"Ká padà," Ayọ̀díjí ní.

"Padà kẹ̀? Bọ̀dá Adéjàre ti ní kí agégi wá lọ́sàn-án òní! Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń dún lọ́hùn-ún yẹn?"

Ẹ̀rọ ni lóòótọ́, èyí tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ. Obìnrin tó ni ín yẹ kóró kọfí náà wò. "Ẹ mú àgbàdo díẹ̀ wá ká fi fọ ẹnu ẹ̀rọ ná," ó ní. "Nǹkan ẹlòmíì ló jáde kẹ́yìn."

Iyìolúwa mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti rán an lọ lọ èlùbọ́ nígbà tó wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. "Màmá, ẹ ṣáà bá mi dà á sí i. A ń kánjú ni, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà wò ó, ó sì dà á sí i. Ẹ̀rọ kùn, kọfí jáde, Iyìolúwa dì í sínú ọ̀rá, ó fijó jáde.

Nígbà tí wọ́n dé oko l'Ókukù, ìyá àgbà ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi kọfí. Bọ̀dá Adéjàre wà níbẹ̀, agégi sì gbé ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Omi hó. Iyìolúwa tú ọ̀rá. Ayọ̀díjí sín. Ó tún sín. Agégi náà sín.

"Iyì," Ayọ̀díjí sọ sí i létí, "ata gbígbẹ ni wọ́n lọ̀ kẹ́yìn."

Iyìolúwa yẹ inú ọ̀rá wò. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, kò sí kóró mìíràn.

"Da mílíìkì àti ṣúgà lé e. Wọn ò ní mọ̀," Ayọ̀díjí ní.

Iyìolúwa kọ̀. Ó sè é bó ṣe sè é lórí àpáta. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ife fún ìyá àgbà. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n mu ún. Omi lé sí wọn lójú, wọ́n wúkọ́ títí. Bọ̀dá Adéjàre rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́jú sí agégi pé kó dìde.

"Ìyá àgbà, ẹ má bínú," Iyìolúwa ní. "Ata ni. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ ẹnu ẹ̀rọ. Ohun tó ń ta yín lẹ́nu yẹn, kì í ṣe ti kọfí. Ìkánjú tèmi ni."

Ìyá àgbà tún mu ún. Wọ́n dijú, wọ́n fi í sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì.

"Ta ló bi ọ́ léèrè ata?" wọ́n ní. "Mo ti ń jẹ ata kí n tó bí bàbá rẹ. Mo mọ ibi tí ata parí sí. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mò ń tọ́ wò, ẹ má dà mí láàmú."

Wọ́n mu ún tán pátápátá, wọ́n wo ìdí ife.

"Adéjàre."

"Mà."

"Gbogbo ọdún tí mo fi ru nǹkan yìí lórí, bó ṣe dùn tó nìyí? Bàbá yín sì kú láì mu ún?"

Bọ̀dá Adéjàre na ọrùn wo inú ife náà.

"Sọ fún àlejò rẹ kó máa lọ sílé. Iyì, ìgbà wo ló tún máa so?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀, mà." Iyìolúwa ti fò dìde, ó ti so mọ́ Ayọ̀díjí lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Á jẹ́ pé mi ò tíì lọ ibì kankan nìyẹn," ìyá àgbà ní, wọ́n na ife náà sí i. "Ṣùgbọ́n tó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí o jẹ́ kí wọ́n fọ ẹnu ẹ̀rọ."