Aṣọ Kàràté Tí Kò Lè Kúnlẹ̀

Àlá kan wà tí Mopélọ́lá, ìyá Ìbíwùmí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, lá lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi níbi tí a ti jọ ń ṣa ẹ̀wà, kò sì rẹ́rìn-ín rárá títí ó fi sọ ọ́ tán. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rò pé mo bu iyọ̀ sí i, ilé rẹ̀ kò jìnnà, ẹ lọ bi í.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé lọ sójú oorun. Ọmọbìnrin méjì ló bí, Ìbíwùmí tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá àti Àdùkẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni àwọn méjèèjì ti ń kọ́ kàràté ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ọjà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kúkurú kan tó ń jẹ́ Ayélàágbé. Bàbá wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́bà ló fàṣẹ sí i lórí fóònù. Ẹni tí kò sí nílé tí yóò gbọ́ ariwo, kí ló kàn án? Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀rí kan nínú ilé yẹn tí wọn ò tíì ta nípàá.

Ẹ̀rù ń ba Mopélọ́lá, ẹ̀rù gidi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Láníyan, a máa kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ojú òsì rẹ̀ bá lọ. Mopélọ́lá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ kékeré ni, ó ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ yẹn fi ba ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí ẹlòmíràn, kódà lórí tẹlifíṣọ̀n, ńṣe ló ń di ojú. Ẹ̀kọ́ tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá gbá ọ, kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Ìbíwùmí fẹ́ ṣe ìdánwò bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gba ìgbéga nínú kàràté. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò kojú ọmọ ẹlòmíràn. Òbí gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kí ọmọ tó lè wọlé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko sì ni fọ́ọ̀mù náà ti wà lọ́wọ́ Mopélọ́lá. Tí ọmọ bá béèrè, á ní òun ń wá báírò. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni o, báírò mẹ́rin ló ń bẹ nínú báàgì rẹ̀. Aṣọ ọmọ náà nìkan ló rójú tọ́jú. Gbogbo aṣọ funfun tó bá wọ ilé Mopélọ́lá, sítáàsì ni yóò mu, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó po sítáàsì náà kó ki, ó rẹ aṣọ kàràté sínú rẹ̀, ó sá a, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Nígbà tó ṣe tán, aṣọ náà dá dúró fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò tí wọn kò fún ní àga.

Wọ́n jẹ ẹ̀wà àti gààrí tán, Mopélọ́lá tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó ki fọ́ọ̀mù náà bọ abẹ́ orí, ó ní kí òun rẹjú díẹ̀. Ibẹ̀ ni àlá ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ funfun náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń rìn bọ̀ wá bá a, ó ń dún ràkà-ràkà. Kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Mopélọ́lá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó wò ó láti òkè délẹ̀, nítorí pé ìdúró ni ó fi kí òun.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyí?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo gbìyànjú. Sítáàsì yín ni kò jẹ́ kí orúnkún mi ká."

Mopélọ́lá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó ní ojú tiẹ̀ ti òun díẹ̀, pé ọwọ́ ara òun ni òun fi ba ẹ̀kọ́ ilé aṣọ náà jẹ́. Aṣọ wá sọ fún un pé aago mẹ́rin ti ń lọ lù, kí wọ́n tètè gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, kí wọ́n bá wọn lu fọ́ọ̀mù náà ní òǹtẹ̀. Mopélọ́lá ní kò burú.

Bí wọ́n ṣe jáde, ọ́fíìsì wà lókè. Ẹ má rò pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń wí, ojú òfuurufú ni. Odindi ilé náà pẹ̀lú òrùlé páànù rẹ̀ léfòó sókè igi máńgòrò, wọ́n sì fi okùn ewúrẹ́ so ó mọ́ ẹ̀ka kan kó má baà sá lọ. Mo bi Mopélọ́lá pé ṣé ẹnu kò yà á. Ó ní kí ló máa yà á lẹ́nu? Sátidé ni, òṣìṣẹ́ kankan kò sí nínú ilé, kí ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Wọ́n to fáìlì léra bí àkàsọ̀, wọ́n gùn ún. Aṣọ kò lè ká ẹsẹ̀, nítorí náà ńṣe ni Mopélọ́lá gbé e há abíyá bí ẹni gbé pákó.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọn nìkan ló wà nídìí tábìlì, ó jọ pé tirẹ̀ kò kún ìwọ̀n. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó wọ gíláàsì, ó bi í léèrè ìdí tí òbí kò fi tíì buwọ́ lù ú. Mopélọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Láníyan àti ojú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni irùngbọ̀n ọ̀gá ń gùn sí i, tí ìwo méjì ń ti fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi kan ibi tí wọ́n ti gbé Láníyan dé ilé ìwòsàn, òbúkọ ni ọ̀gá, òbúkọ dúdú tó wọ gíláàsì. Mopélọ́lá kò tilẹ̀ dánu dúró. Ó ń pè é ní "sà" lọ bó ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí ìwé ìgbéga rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá náà.

Òbúkọ gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó fi fọ́ọ̀mù sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

"Sà, fọ́ọ̀mù ọmọ mi nìyẹn."

"A ti gbà á wọlé," ni òbúkọ wí. "Lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ bá balẹ̀, kí o padà wá béèrè rẹ̀."

Ó ní òun kò lè purọ́ fún mi, ara tu òun pẹ̀sẹ̀. Fọ́ọ̀mù ti dé ikùn ọ̀gá, ta ni yóò wá sọ pé òun ló kọ̀ láti buwọ́ lù ú? Ṣùgbọ́n nígbà tó bojú wo aṣọ lábẹ́ abíyá rẹ̀, apá méjèèjì ti rọ sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì tutù rinrin. Aṣọ ń sunkún. Ó ń sunkún jẹ́jẹ́ láìpariwo, bí Ìbíwùmí gan-an ṣe máa ń sunkún, sítáàsì sì ń tú kúrò lára rẹ̀. Mopélọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbẹ̀bẹ̀. Ìtura tó bá a lẹ́ẹ̀kan pòórá.

Okùn ewúrẹ́ já. Ọ́fíìsì ṣí lọ, ó kọjá lórí ọjà, ó lọ balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kàràté. Láníyan jókòó síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ òsì kò sí lójú, inú hańkáṣíìfù ló wà nínú àpò àyà rẹ̀. Ó tú u, ó nù ún, ojú náà ṣẹ́ sí Mopélọ́lá, ó dá a mọ̀. Mopélọ́lá ní omi bọ́ lójú òun nígbà yẹn, àlá tàbí kì í ṣe àlá.

"Búọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ fún wọn kí n mú ọmọ mi lọ sílé. Mo ń pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ rántí."

"Mopé, àtẹ́wọ́ kọ́ ló fọ́ ojú mi," ni Láníyan wí. "Ẹni tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń na ọwọ́, tí wọn kò kọ́ bí a ṣe ń dá a dúró, òun ló fọ́ ọ. Wọlé, wọ́n ń pè ọ́."

Lóòótọ́ ni wọ́n ń pè é. Ayélàágbé dúró lórí àga, ó ń ka orúkọ àwọn tó fẹ́ jà, orúkọ Mopélọ́lá ló sì kọ́kọ́ kà. Obìnrin náà jáde síwájú pẹ̀lú ìró, bùbá àti gèlè, báàgì ọ́fíìsì lọ́rùn ọwọ́. Gbogbo ìjókòó ló kún fún àwọn òbúkọ tó de táì. Kó tó mọ̀, aṣọ ti yọ́ kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀, Ìbíwùmí ti wà nínú rẹ̀, ó ga débi pé orí rẹ̀ ń kan fáànù. Òun ni ẹni tí wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ kojú.

Ìbíwùmí kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ láìdún rárá, ó kí ìyá rẹ̀ kú ọ̀sán. Mopélọ́lá ní inú òun dùn, òun sì sọ fún un pé orúnkún rẹ̀ ti wá ká dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọmọ dìde, tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

Mopélọ́lá rí ẹsẹ̀ náà tó ń bọ̀. Ó rántí ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ni, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Sítáàsì ló wà nínú ìró tirẹ̀ náà, ìró ọ̀hún sì le gbagidi, kò jẹ́ kó ká ẹsẹ̀, kò sì jẹ́ kó sá. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó di ojú méjèèjì, ó ń retí.

Kò sí ohun tó bà á. Atẹ́gùn díẹ̀ ló fẹ́ sí i nímú. Nígbà tó pẹ́ tó ṣì ń retí, tí sùúrù rẹ̀ tán, ó la ojú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà níwájú imú rẹ̀, kò jìnnà ju ìpéǹpéjú lọ, ó dúró síbẹ̀, kò mì.

"Mọ́mì, mi ò ní fi kàn yín," ni Ìbíwùmí wí láti òkè lọ́hùn-ún. "Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nìyí. Ẹ ò la ojú wò wá rí ni."

Ni gbogbo òbúkọ bá ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Igbe yẹn ló jí i. Ewúrẹ́ kan wà nínú pálọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ewúrẹ́ tèmi ni, mo sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹran burúkú yẹn ti fa fọ́ọ̀mù yọ lábẹ́ orí rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ìwé náà kan. Ìbíwùmí dúró tì í nínú aṣọ kàràté rẹ̀ tó gan, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè, ó dúró gan-an sí ẹ̀gbẹ́ ìhà ewúrẹ́ náà láìfara kàn án. Ewúrẹ́ wo ẹsẹ̀, ó ké, fọ́ọ̀mù jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ. Àdùkẹ́ ló he ìwé náà, ó fi yẹ̀rì rẹ̀ nù ún.

Mopélọ́lá jókòó lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ló bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò ta ẹran náà nígbà tó ráyè ta á.

"Kó ṣáà fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ ni mo fẹ́, Mọ́mì. Mi ò fẹ́ kó dùn ún."

Obìnrin náà dìde. Ó tún ìró ró, ó dúró síwájú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ṣe é sí mi kí n rí i."

Ọmọ náà kọ́kọ́ rò pé ìyá òun ń bínú. Nígbà tó rí i pé kò bínú, ó tẹrí ba fún un, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, aṣọ dún ràkà. Ẹsẹ̀ náà wá, Mopélọ́lá kò di ojú. Ó wò ó títí ó fi dúró níwájú imú rẹ̀. Ó ní ohun kan tó ti wà ní àyà òun láti kékeré, òun kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀, àfìgbà tó bọ́ sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó di ọmọ mú tòun ti sítáàsì.

Ó wá mú báírò, ọ̀kan nínú mẹ́rin, ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí itọ́ ewúrẹ́ ti rin ín. Ó bu omi sí ọwọ́, ó fi ra orúnkún ṣòkòtò Ìbíwùmí títí ó fi rọ̀. Aago mẹ́rin kò tíì lù tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dé gbọ̀ngàn.

Ayélàágbé gba fọ́ọ̀mù, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bi í léèrè pé kí ló jẹ ẹ́ létí báyìí. Mopélọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ó sì kọjá lọ jókòó síwájú pátápátá, níbi tí yóò ti ríran dáadáa.