Ibi Tí Àsíá Kọjú Sí

Ihò tí ikán jẹ sára àwòrán ọkọ̀ òkun náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ibi tí àsíá wà gan-an ni. Jùbrílù gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ó ti fi òwú oníṣọ́ọ̀kì fa ilà sórí àwòrán àtijọ́ náà àti sórí pákó tuntun, ó sì ti da ọkọ̀ náà kọ láti inú ilà ti àtijọ́ sínú ti tuntun: òkun, ara ọkọ̀, àwọn òpó, àwọn ìgbòkun tí atẹ́gùn fẹ́ kún bí ikùn aboyún. Àsíá nìkan ló kù.

"Bọ̀dá Jùbrílù, ẹ dákun," Lydia sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Mo ti parọ́ fún Bàbá pé à ń fi ẹfun kun ògiri pálọ̀, la ṣe gbé àwòrán náà kúrò. Lónìí, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irọ́ kankan mọ́."

Bàbá rẹ̀, Tíṣà Olúbọ̀dé, ti fọ́jú. Àràárọ̀ ni ó máa ń dìde wá fi ìka tọ ọ̀dà orí àwòrán náà, láti ìdí ọkọ̀ dé orí òpó. Bàbá àgbà Tíṣà ló gbé e bọ̀ láti Sàró. Ẹnì kan níbẹ̀ ló fọwọ́ kùn ún, tó wò ó lára àwòrán ọkọ̀ òkun àwọn Òyìnbó ayé àtijọ́. Ní báyìí, ikán ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rù ń ba Lydia pé bí bàbá òun bá mọ̀, kò ní rí ohun tí yóò tún máa gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Jùbrílù ò kọ́kọ́ fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí kì í gba iwájú ilé Tíṣà kọjá. Ẹ̀yìnkùlé àwọn aláró ni ó máa ń gbà. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin, Tíṣà gbé àwòrán yìí wá, ó ní kí wọ́n yà á sórí síléètì. Àsíá inú rẹ̀ fẹ́ sí iwájú ọkọ̀. Jùbrílù yà á sẹ́yìn. Lójú tirẹ̀, ta ni í sáré tí aṣọ rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀? Tíṣà fi àtàǹpàkò pa á rẹ́. Jùbrílù tún un yà sẹ́yìn. Tíṣà nà án, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín, Jùbrílù gbé síléètì rẹ̀, ó sì fi ilé ìwé sílẹ̀ títí dòní. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sẹ́yìn. Ó wo Lydia, tó ń fi etí ìró nu ojú. Ó kun àsíá náà síwájú, ó sì dà bíi pé ó gbé egungun mì.

"Má sọ pé èmi ni," ó ní.

Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé Tíṣà, wọ́n sì fi pákó náà kọ́ ìṣó. Jùbrílù ò tíì ráyè jáde nígbà tí Tíṣà fọwọ́ tọ́ ògiri wọlé. Ìka rẹ̀ kan omi, ó kan ara ọkọ̀, ó gun òpó. Ó dúró.

"Àsíá yìí tutù." Ó gbóòórùn ìka rẹ̀. "Lydia, ta ló kùn ún?"

"Bàbá, ògiri ni wọ́n kùn…"

"Mo ti ń gbọ́ ikán nínú fírémù yẹn láti ìgbà òjò. Ojú mi ló fọ́, kì í ṣe etí. Ta ló kùn ún?"



"Èmi ni, sà," Jùbrílù ní. "Jùbrílù, ọmọ Mọ́ṣúdù."

Tíṣà yíjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Olóríkunkun," ó ní jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo wá kọjú àsíá síwájú?"

"Bó ṣe wà nìyẹn, sà."

"Kò wà bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí mo nà ọ́, mo wá bẹ̀ ọ́ nílé yín. Bàbá rẹ ní o ò sí nílé. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ lórí àjà." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Mo padà délé, mo fi ọ̀bẹ họ àsíá yẹn, mo kùn ún sẹ́yìn. Mo ní bó o bá wá, wàá rí i. O ò wá."

Jùbrílù wo ìka arúgbó náà, tí ọ̀dà pupa wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Àràárọ̀ ni ìka yẹn ti ń gun òpó lọ síbi àsíá.

Ó fi àkísà tó rẹ sínú kẹrosíìnì nu àsíá náà kúrò. "Ẹ fi ibi tí ẹ kọjú ẹ̀ sí hàn mí, sà."

Tíṣà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní A, B, D, àwọn méjèèjì sì jọ fi búrọ́ọ̀ṣì fa àsíá náà sẹ́yìn.

Nígbà tí Jùbrílù fẹ́ máa lọ, Lydia ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ọ̀nà iwájú ló gbà. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí àdúgbò Ìjẹmọ̀, lẹ́bàá ògiri tí wọ́n lẹ pósítà ìdìbò mọ́, nígbà tí atẹ́gùn ti ẹ̀yìn fẹ́ wá, tó kún inú dàńṣíkí rẹ̀, tó sì gbé etí aṣọ náà síwájú pátápátá. Ó dúró, ó wo aṣọ ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ lé e.