Àdúrà Tí Wọ́n Ní Kí N Gbà fún Olóyè

Ká ní wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi ni, ì bá sàn. Màá lè sọ pé ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé. Nínú fíìmù tiwa, olùdarí á sọ ìtàn fún ọ lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ lo máa fi ẹnu ara ẹ wá ọ̀rọ̀.

“Máyọ̀kún, ìwọ ni bàbá tí wọ́n wó ilé ẹ̀. Olóyè fúnra wọn máa wọlé wá kí ẹ. O dárí jì wọ́n, o ṣàdúrà fún wọn. Ó tán.” Ọ̀gá Ládélé, olùdarí wa, ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì lọ wo iná tí wọ́n fẹ́ fi ya fíìmù.

Dárí jì wọ́n... báwo?

Mo jókòó sí pálọ̀ onípálọ̀ ní Mowe, irùngbọ̀n funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi ń yún mi. Olóyè tó ń náwó sí fíìmù yìí nítorí ìbò gan-an ló rán katakata lọ wó ilé àwọn ará Òkè-Àró lọ́dún tó kọjá. Ó ní ilẹ̀ òun ni. Èmi àti ẹgbẹ́ òṣèré mi ṣe eré ìfẹ̀hónúhàn lórí àwókù ilé wọn títí ọlọ́pàá fi tú wa ká. Ọdún méje ni mo ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, ní Ìfọ̀, ní Ibafo, láti yunifásítì — kò sẹ́ni tó fi mí sí fíìmù rí.

“O jà, jà, jà, ta ló mọ̀ ẹ́?” Morẹ́nikẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. “Jẹ́ kójú ẹ kọ́kọ́ hàn ná. Tó o bá di gbajúmọ̀ tán, kó o wá bú wọn.”

Bóyá òótọ́ ni. Bóyá...

Bàbá Mùsáfírù ńkọ́? Káfíńtà ni, ní Òkè-Àró. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ yàrá mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí wọ́n wó o, kò sunkún. Ó ń ṣa ìṣó nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń nà án lórí òkúta kó lè tọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ tó o lẹ́nu, bá wa sọ ọ́.”

Mo lè dìde báyìí. Kí n lọ. Wọ́n á pe ẹlòmíràn... ta ni? Onítọ̀hún á ba ipa náà jẹ́ ni. Arúgbó kì í kánjú ṣàdúrà. Á kọ́kọ́ dákẹ́. “Olóyè, Ọlọ́run á...” Rárá, ó yá jù. Kó fọwọ́ ti ògiri, kó rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná, bí Bàbá Mùsáfírù ṣe máa ń —

Ọwọ́ mi wà lára ògiri.

Láti àárọ̀ ni mo ti rò pé mò ń bá ara mi jà. Àṣé ìdánrawò eré náà ni mò ń ṣe.